Olùkọ́ Tí Ó Di Aṣòfin: Ẹ̀rí Tí Ilé Kò Fẹ́ Gbọ́

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí ìgbìmọ̀ bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ kan, tí ẹnìkan nínú wọn sì dìde láti wí pé ojú òun ni ó ṣe, ohun tí ó yẹ ni pé kí àwọn yòókù kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ ná, kí wọ́n tó bi í bóyá ó nawọ́ sókè kí ó tó sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2023, ní Nashville tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Tennessee ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Ilé Àwọn Aṣojú ìpínlẹ̀ náà jókòó láti pinnu bóyá kí wọ́n lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò láàárín wọn. Obìnrin ni, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ni, ẹni ọgọ́ta ọdún. Ìbò kan ṣoṣo ni ó kù kí iye wọn pé láti lé e jáde.

Gloria Johnson ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Knoxville, ní apá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ni ó ń ṣojú fún, ọdún 27 ni ó sì fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ni àwọn tí ìkẹ́kọ̀ọ́ nira fún nítorí ìṣòro ara tàbí ti ọpọlọ, àwọn tí wọ́n nílò ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó lè bá ẹgbẹ́ wọn rìn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ti irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ rí mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Ọmọ kan wà tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Òmíràn wà tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú. Òmíràn sì wà tí ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò lè gbé e jáde. Ohun tí olùkọ́ mìíràn yóò fi ọjọ́ kan kọ́ni, oṣù kan lè má tó olùkọ́ irú àwọn ọmọ yìí fún un. Bí ó bá sì bínú ní ọjọ́ kan péré, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè dà nù.

Ó tún yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé òfin ni ó bí iṣẹ́ yìí. Kí ó tó di ọdún 1975, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà ni ó ń dá irú àwọn ọmọ wọ̀nyí padà sí ilé, tí wọ́n á ní àwọn kò lè kọ́ wọn. Ní ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin pé gbogbo wọn pátá ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bá wọn mu, àti pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Nítorí náà, kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún 27 wọ̀nyẹn tí obìnrin yìí kò rí i lójú ara rẹ̀ ohun tí òfin lè ṣe fún ọmọ aláìní olùgbèjà, bí àwọn tí ó ṣe é bá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó tún rí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òfin bá wà nínú ìwé tí owó kò sì sí nínú àpò. Irú ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé ìpolongo ìbò kankan.

Ohun kejì tí ó rí burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 2008, ní Central High School ní Knoxville, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìjẹun, kí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni ẹni tí ó kú. Johnson ti sọ ọ́ ní gbangba ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bí ìbẹ̀rù ti hàn lójú àwọn ọmọ tí wọ́n ń sá jáde. Olùkọ́ a máa gbàgbé orúkọ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ṣùgbọ́n irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn ẹni tí ó wà níbẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012 ni àwọn ará àgbègbè ìdìbò rẹ̀ kọ́kọ́ yàn án sí Ilé Àwọn Aṣojú Tennessee. Ọdún méjì péré ni sáà aṣojú níbẹ̀. Nígbà tí ìdìbò ọdún 2014 dé, alátakò rẹ̀ fi ìbò tí kò tó 200 borí rẹ̀. Ó tún jáde ní 2016, kò bọ́ sí i. Ó tún padà wá ní 2018, ó sì wọlé. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ní ọdún 2024, ó du ipò sẹ́nétọ̀ ní ilé aṣòfin àgbà ti ìjọba àpapọ̀, Marsha Blackburn tí ó wà lórí ipò náà sì borí rẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọdún 27 tún ẹ̀kọ́ kan náà kọ́ ọmọ kan náà títí ó fi yé e, ó dà bí ẹni pé ìjákulẹ̀ kì í tètè lé irú wọn sílé.

Ìdí tí ó fi sábà máa ń jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ni a ń rí nínú irú ilé aṣòfin bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe olùkọ́ tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò fara sin. Ilé Aṣòfin Tennessee kì í jókòó yí ọdún ká. Oṣù Kìíní ni ìjókòó rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì sábà máa ń parí ní oṣù Kẹrin tàbí oṣù Karùn-ún; èrò wọn ni pé kí àwọn aṣòfin padà sí ẹnu iṣẹ́ òòjọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ó rọrùn fún agbẹjọ́rò, fún oníṣòwò àti fún ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Olùkọ́ ńkọ́? Àwọn oṣù wọ̀nyẹn gan-an ni ó yẹ kí ó wà níwájú pátákó ìkọ̀wé. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn tí òfin ẹ̀kọ́ bá jùlọ kì í sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe òfin ẹ̀kọ́, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n ti gba ìwé ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí òfin ilé ẹ̀kọ́ fi máa ń dà bí ẹ̀wù tí wọ́n rán láì wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ láti ibẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan yóò tó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, àbá òfin kan wá síwájú Ilé pé kí ìjọba máa fi owó ìlú ran àwọn òbí kan lọ́wọ́ láti rán ọmọ wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Ohùn àwọn aṣòfin pín dọ́gba: 49 ní bẹ́ẹ̀ ni, 49 ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Lójú òfin, àbá náà ti ṣubú. Ṣùgbọ́n Abẹnugan Ilé nígbà náà kò pa ìbò náà dé. Ó fi í sílẹ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, tí wọ́n ń fa aṣòfin kan sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pe òmíràn jáde, títí aṣòfin kan láti agbègbè Knoxville fi yí ìbò rẹ̀ padà nígbà tí wọ́n fi dá a lójú pé òfin náà kò ní kan agbègbè tirẹ̀. Bí 50 ṣe borí 48 nìyẹn. Àwọn ọmọ Nashville àti ti agbègbè Memphis ni òfin náà bọ́ sí lórí. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: òfin tí ó dára fún ọmọ ẹlòmíràn tí kò dára fún ọmọ ẹni, kí ni ó yẹ kí wọ́n máa pè é? Johnson wà nínú Ilé ní ọdún náà. Ó ti mọ̀ láti ìgbà náà pé ìbò kan lè gbé nǹkan ró, ó sì lè bì í ṣubú.

Ilé náà kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn fún un. Aṣojú 99 ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀, 75 nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Republican, 24 sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ Democrat tí Johnson wà nínú rẹ̀. Iye 75 yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó kù bá tilẹ̀ kọ̀ láti wọlé, ìpàdé lè máa lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ń yan Cameron Sexton padà sí ipò Abẹnugan, Johnson kò dìbò fún un. Nígbà tí wọ́n pín ọ́fíìsì, yàrá ìpàdé kékeré kan tí kò ní fèrèsé ni ó kàn án. Ó gbé tábìlì rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì jókòó sí ibẹ̀ níbi tí gbogbo ẹni tí ń kọjá yóò ti rí i. Nígbà tí wọ́n tún àgbègbè ìdìbò pín ní ọdún 2022, ìlà tí wọ́n fà gbé ilé rẹ̀ bọ́ sí àgbègbè aṣojú mìíràn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì kó lọ sí àgbègbè mìíràn kí ó baà lè jáde du ipò, àwọn ará ibẹ̀ sì dìbò fún un.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2023, ni àjálù dé bá Nashville. Ẹnìkan gbé ìbọn wọ Covenant School, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní ìlú náà, ó sì pa ènìyàn mẹ́fà kí àwọn ọlọ́pàá tó pa òun náà. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ àgbàlagbà tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ tí ó wá dúró fún olùkọ́ mìíràn, àti ẹni tí ń tọ́jú ilé ẹ̀kọ́. Ìbànújẹ́ yìí wọ ilé gómìnà pàápàá, nítorí ọ̀rẹ́ ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kú.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú wọn, rọ́ wá sí ilé ìjọba láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe nǹkan sí ọ̀rọ̀ ìbọn. Wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kún òkè níbi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí. Nínú gbọ̀ngàn, Ilé ń bá iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ lórí àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn. Aṣojú mẹ́ta bá dìde láì jẹ́ pé wọ́n yọ̀ǹda fún wọn, wọ́n rìn lọ sí iwájú, ibi tí aṣòfin máa ń dúró sí bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn méjì nínú wọn, Justin Jones láti Nashville àti Justin Pearson láti Memphis, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 30, tí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹni tuntun nínú Ilé. Àwọn ni wọ́n mú gbohùngbohùn alágbèéká dání, tí wọ́n sì fi bá àwọn òǹwòran lókè sọ̀rọ̀. Ẹni kẹta ni olùkọ́ àgbà náà, tí ó dúró tì wọ́n. Òun kò mú gbohùngbohùn. Ìpàdé dúró fún bí wákàtí kan.

Òtítọ́ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a bò mọ́lẹ̀ nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wù wá. Wọ́n rú òfin Ilé. Kò sí ìgbìmọ̀ tí yóò dúró bí olúkúlùkù bá ń dìde nígbà tí ó wù ú láti sọ ohun tí ó wù ú. Ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè nínú ààfin pàápàá ní ẹni tí í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àti ẹni tí í kádìí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì wà tí kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí, olùkọ́ ni. Iye ìgbà tí Johnson fúnra rẹ̀ yóò ti sọ fún ọmọ kan láàárín ọdún 27 pé kí ó na ọwọ́ sókè kí ó tó sọ̀rọ̀ kò lè níye. Àwọn tí wọ́n bínú sí i ní ohun tí wọ́n dì mú, ẹni tí ó bá sì sọ pé wọn kò ní nǹkan kan ń fi ojúsàájú ṣe ìdájọ́.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ rere mọ ohun kejì pẹ̀lú. Bí ọmọ kan bá fò dìde láì gba àyè tí ó sì kígbe pé iná ń jó lẹ́yìn ilé, kò sí olùkọ́ tí orí rẹ̀ pé tí yóò ní kí ó jókòó, kí ó sì kọ́kọ́ na ọwọ́. Àti pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ilé lè bá wọn wí. Ó lè kọ ìbáwí náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kí àwọn ọmọ ọmọ wọn máa kà á. Sexton fi ohun tí wọ́n ṣe wé ìkọlù tí ó wáyé ní ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2021, níbi tí wọ́n ti fọ́ ìlẹ̀kùn àti fèrèsé tí wọ́n sì lu ọlọ́pàá. Àfiwé náà kò dúró. Ní Nashville, kò sí ìlẹ̀kùn tí ó fọ́, kò sí ẹni tí wọ́n lù, àwọn tí ó sì dá ìpàdé dúró jẹ́ aṣòfin tí àwọn ará ìlú dìbò yàn láti máa sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà gan-an.

Ìwé òfin Tennessee fún Ilé ní agbára láti lé ọmọ Ilé jáde bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá fọwọ́ sí i, ìyẹn ni ìbò 66 nínú 99. Agbára yìí kò wọ́pọ̀ nínú ìtàn wọn. Ní ọdún 1866, lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé, wọ́n lé àwọn mẹ́fà tí wọ́n kọ̀ láti wá sí ìjókòó nítorí wọn kò fẹ́ kí àtúnṣe òfin tí yóò sọ àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ di ọmọ onílùú kọjá. Láti ìgbà náà títí di 2023, ẹni méjì péré ni ó tún bá a pàdé: ọ̀kan ní 1980 nítorí rìbá, ọ̀kan ní 2016 nítorí ìwà àìtọ́ sí àwọn obìnrin. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó gba irú ìyà yìí láàárín ọdún tí ó lé ní 150 nìyẹn. Bí wọ́n bá sì lé aṣojú kan, kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́. Nǹkan bí 70,000 ènìyàn ni ó wà lẹ́yìn ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, tí kò ní ní ohùn títí wọn yóò fi rí ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin náà, Jones ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. Ìbò 72 ní kí ó lọ, 25 ní kí ó dúró. Ó lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kan Johnson. Agbẹjọ́rò méjì tí wọ́n ti jẹ́ ọmọ Ilé náà rí bá a dúró. Wọ́n tọ́ka sí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀sùn náà, òun kò ṣe é: kò pariwo, kò sì fọwọ́ kan gbohùngbohùn. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, 65 ní kí ó lọ, 30 ní kí ó dúró, nítorí àwọn mélòó kan nínú ẹgbẹ́ Republican kọ̀ láti bá àwọn yòókù lọ. Kò pé 66. Ó jókòó padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pe Pearson, 69 sì borí 26. Òun náà lọ.

Àwọn oníròyìn bi Johnson léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé òun nìkan ni ó kù nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ dúró lójú kan. Níbí ni ó yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀. Ìdáhùn tí ó rọrùn wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, ìdáhùn náà kì í sì í ṣe irọ́: òun kò mú gbohùngbohùn, àwọn agbẹjọ́rò òun sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó gbà á sílẹ̀, kí ó sì bá ọ̀nà ilé lọ. Ohun tí ó sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí ó ní í ṣe pẹ̀lú àwọ̀ ara àwọn. Aláwọ̀ funfun ni òun. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Republican sẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò sí níbẹ̀, pé ìwà tí kálukú hù ni wọ́n wò. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ òtítọ́ nínú ọkàn àwọn kan nínú wọn. Ọkàn ènìyàn jìn, ìwé ìbò kò sì lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìdájọ́ ṣe lóore tí ó sì tún yẹ ìdájọ́ náà wò níwájú gbogbo ayé, irú wọn kò pọ̀ ní ilé aṣòfin kankan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń rí àìṣòdodo kedere nígbà tí ó bá já lu àwọn fúnra wọn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí i nígbà tí ó bá fò ó kọjá.

Ohun tí àwọn tí ó lé wọn kò rò ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Òfin Tennessee gba ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ láàyè láti fi ẹlòmíràn dí àyè tí ó bá ṣófo fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, ìgbìmọ̀ ìlú Nashville fi ìbò 36 sí òdo dá Jones padà. Ní ọjọ́ 12, ìgbìmọ̀ agbègbè Shelby, níbi tí Memphis wà, fi ìbò 7 sí òdo dá Pearson padà. Ìwé òfin kan náà sì ti wí pé a kò gbọdọ̀ lé aṣòfin jáde lẹ́ẹ̀kejì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, Ààrẹ Joe Biden gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálejò ní Washington. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn ará àgbègbè Jones àti Pearson fúnra wọn dìbò yàn wọ́n padà.

Ariwo yìí ni gbogbo ayé gbọ́. Ohun tí àwọn ọmọ náà wá bẹ̀bẹ̀ fún ńkọ́? Gómìnà Bill Lee, tí òun pàápàá jẹ́ Republican, rọ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n ṣe òfin tí yóò fún ilé ẹjọ́ láyè láti gba ìbọn fún ìgbà díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá hàn pé ó lè pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn. Àwọn tí wọ́n kọ̀ sọ pé òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún ọmọ ìlú ní ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn, àti pé ẹ̀ṣọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ nílò. Wọ́n ya 140 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ kí ọlọ́pàá lè wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gbogbo. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré, ó sì yẹ kí a kà á sí wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n wọ́n parí ìjókòó ọdún náà láì jíròrò lórí ohun tí gómìnà béèrè. Ó pè wọ́n padà sí ìjókòó àkànṣe ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, àwọn òbí àwọn ọmọ Covenant sì wá jókòó sí òkè gbọ̀ngàn lójoojúmọ́. Ìjókòó náà tú ká láì sí òfin kankan tí ó dín ìbọn kù.

Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ lé olùkọ́ náà jáde, ọ̀rọ̀ olùkọ́ àti ìbọn padà wá síwájú Ilé lọ́nà mìíràn. Àbá òfin tí ó dé ní 2024 ni pé kí olùkọ́ lè máa gbé ìbọn pamọ́ sára nínú kíláàsì. Yóò gba ìwé àṣẹ, yóò ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 40, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, olórí ètò ẹ̀kọ́ agbègbè àti olórí ọlọ́pàá ibẹ̀ yóò sì fọwọ́ sí i. Àwọn tí ó gbé àbá náà kalẹ̀ sọ pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko wà tí ọlọ́pàá kì í tètè dé. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kò ní mọ olùkọ́ tí ó gbé ìbọn àti èyí tí kò gbé e. Ẹni tí ó ti fi ọdún 27 di ọwọ́ ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ mú, ọmọ tí í fò mọ́ni lójijì, tí í fa aṣọ olùkọ́ rẹ̀, mọ ohun tí ìbọn lábẹ́ aṣọ túmọ̀ sí nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 40 tí yóò kọ́ aṣòfin tí kò wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n dìbò. Àwọn tí wọ́n jókòó lókè kígbe pé ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin náà, títí Abẹnugan fi pàṣẹ pé kí àwọn ọlọ́pàá kó wọn jáde. Ìbò 68 fọwọ́ sí i, 28 kọ̀ ọ́. Gómìnà fọwọ́ sí ìwé náà kí oṣù tó parí, ó sì di òfin. Johnson wà lára àwọn 28.